Òṣùwọ̀n Èbúté Lékeléke

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1929, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ti lù, ọkọ̀ òfurufú orí omi kan kúrò ní èbúté ìlú Pelotas. Ó sáré lórí omi títí ojú àwọn tó wà létí odò kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o mọ́. Nígbà tó jàjà gbé ara sókè, kò tíì ga ju òrùlé ilé lọ tó fi já bọ́ sórí àwọn òpó tí àwọn apẹja ń so àwọ̀n edé mọ́ ní ẹnu ọ̀sà. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà kú. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà ni Leocádia, ọmọ kan ṣoṣo tí Ataliba Fagundes bí.

Ataliba fúnra rẹ̀ ló wọn ọmọ náà lórí òṣùwọ̀n kí ó tó wọ ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ẹrú ni bàbá rẹ̀ ní ilé ẹran oníyọ̀ kan ní etí odò São Gonçalo, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, tí wọ́n ń fi iyọ̀ ra ẹran rẹ̀, tí wọ́n sì ń sá a sórí igi títí yóò fi gbẹ. Iyọ̀ ni bàbá náà ń rù. Iyọ̀ jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ẹrú sílẹ̀ pàápàá, kò lè wọ bàtà títí ó fi kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1894. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ataliba nígbà náà. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ arúgbó oníwọ̀n kan ní ilé ẹran yẹn kan náà kí ó kọ́ṣẹ́.

Ẹran tí wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n kì í tíì gbẹ tán. Omi iyọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á ní Bahia tàbí ní Havana, omi náà yóò ti lọ. Nítorí náà, oníwọ̀n kì í pe iye tí ojú rẹ̀ rí. Yóò yọ kílò mẹ́jọ kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù ni yóò ké sí akọ̀wé. Bí Ataliba bá gbàgbé, arúgbó náà á fi okùn tútù na ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìka. Igba ìgbà ó lé ni wọ́n nà án ní ọdún àkọ́kọ́. Ó kà á. Ní ọdún kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Láti ọdún kẹta, kò sí ẹni tó tún nà án mọ́. Ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe oníwọ̀n, kò sì sí oníṣòwò kankan ní Pelotas tó lè sọ pé ẹnu Ataliba ṣìnà rí. Fún ọmọ ẹrú, ọlá kékeré kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ilé ẹran náà kógbá sílé ní ọdún 1927, ní ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ òfurufú dé. Wọ́n kọ Garça sí i níwájú, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe lékeléke. Lékeléke bá a mu lóòótọ́. Irin fẹ́lẹ́ ni gbogbo ara rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò. Ikùn rẹ̀ rí bí ti ọkọ̀ ojú omi, apá rẹ̀ gùn lókè, ẹ̀rọ méjì sì kẹ̀yìn síra lórí apá náà, ọ̀kan ń fà, èkejì ń tì. Àwọn èrò mẹ́sàn-án á jókòó sínú yàrá kékeré níwájú. Atukọ̀ àti mẹkáníìkì rẹ̀ á wà lẹ́yìn wọn ní gbangba, omi á máa ta sí wọn lójú. Odidi òru kan ni ọkọ̀ elééfín ń lò láti Pelotas dé ìlú Porto Alegre, ìyẹn bí iyanrìn ọ̀sà kò bá dì í mú. Lékeléke kì í lò tó wákàtí méjì. Kì í sì í fò ga. Àwọn apẹja ní àwọn ń rí irùngbọ̀n atukọ̀.

Nǹkan méjì ni Lékeléke kò lè fara dà: ẹrù àpọ̀jù, àti omi tó dákẹ́. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, tí omi ń ru díẹ̀díẹ̀, á fò bí ẹni tí wọ́n ju sókè. Ṣùgbọ́n bí omi bá tẹ́jú bíi dígí, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ikùn ọkọ̀ bí ẹnu ọmọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Bibiano tó ń wa ọkọ̀ ojú omi kékeré fún ilé-iṣẹ́ tó ni Lékeléke á sáré ṣíwájú rẹ̀, á máa ya sọ́tùn-ún, á máa ya sósì, kí ó lè da omi rú fún un. Nítorí ẹrù, wọ́n ń wọn ohun gbogbo, àti ènìyàn. Wọ́n ra òṣùwọ̀n ilé ẹran tó kógbá sílé, wọ́n sì gba oníwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá tó gbà á sọ gbólóhùn kan péré fún un: "Máa wọ̀n bí o ṣe ń wọ̀n tẹ́lẹ̀."

Inú àwọn èrò dùn sí òṣùwọ̀n náà. Dona Hortênsia, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń ṣe àdídùn ẹyin àti ṣúgà, a máa bá ọkọ̀ lọ lóṣooṣù. Bí wọ́n ṣe ń fi Dona pọ́n obìnrin lé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi Seu pọ́n ọkùnrin lé.

"Méjìdínlọ́gọ́rin," ni Ataliba á ké sí akọ̀wé.

"Ẹ gbọ́ o! Ní Porto Alegre, wọ́n ní mo jẹ́ márùndínláàádọ́rùn-ún! Seu Ataliba, òṣùwọ̀n tiyín mọ ọ̀wọ̀ obìnrin."

Bibiano á yọjú láti inú ọkọ̀ rẹ̀. "Kì í ṣe òṣùwọ̀n o, Dona Hortênsia. Àdídùn tí ẹ jẹ lójú ọ̀nà ni wọ́n wọ̀n mọ́ yín lọ́hùn-ún."

"Panu ẹ mọ́, ìwọ tó ń rùn bí edé àná."

Gbogbo èbúté á rẹ́rìn-ín. Ataliba kì í rẹ́rìn-ín. "Òṣùwọ̀n Porto Alegre ló ń purọ́," ni yóò wí. "Tèmi kì í purọ́."

Ìyá Leocádia kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi ṣàìsàn. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọmọ náà ti ń rán àpò tí wọ́n ń kó ẹran gbígbẹ sí, abẹ́rẹ́ ńlá sì ti gún àtàǹpàkò rẹ̀ títí ó fi le bí ìwo. Ó ti kọ̀wé sí ilé tẹlifóònù ní Porto Alegre fún ọdún kan àti oṣù méjì kí wọ́n gbà á síṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, èsì dé. Wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ elééfín tó gbé lẹ́tà náà ti wà lórí iyanrìn fún ọjọ́ mẹ́fà, ohun tí lẹ́tà sì sọ ni pé kí ó fara hàn kí agogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn yóò fi ẹlòmíràn sí i. Lékeléke nìkan ló lè gbé e débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ọmọ òṣìṣẹ́ wọ̀ ọ́ bí àyè bá ṣẹ́kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí atẹ́gùn rárá. Ooru mú débi pé àwọn ajá wọnú omi lọ jókòó. Atukọ̀, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Harbs, dúró létí odò, ó wo omi títí, ó ní:

"Lónìí, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kílò ni mo lè gbé, èrò àti ẹrù. Kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé."

Ataliba wọn èrò mẹ́jọ, ó wọn àpótí, ó wọn àpò lẹ́tà. Teotônio akọ̀wé ro ó pọ̀. "Ẹgbẹ̀rin ó lé méjìdínláàádọ́ta. Ó ku méjìléláàádọ́ta."

Ataliba yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Gorí ẹ̀."

"Bàbá, ṣé kí n bọ́ bàtà?"

"Wọ bàtà ẹ. Dúró jẹ́ẹ́."

Ó ti irin orí òṣùwọ̀n díẹ̀, ó tún un tì díẹ̀. Irin dúró.

"Àádọ́ta," ni ó ké.

"Àádọ́ta!" Bibiano pariwo. "Seu Ataliba, ṣé ẹ kì í fún ọmọ yìí lóúnjẹ ni? Pẹ́pẹ́yẹ Dona Hortênsia jù ú lọ."

"Bọ̀dá Bibiano, ẹ má dá mi dúró o," ni Leocádia wí, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bí mo bá tún jẹ ẹ̀wà kan sí i, wọ́n á fi mí sílẹ̀."

Harbs mi orí pé ó dára. "Ó ṣẹ́ku méjì. Kó wọlé."

Leocádia di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó fi ẹnu kàn án. "Ẹ súre fún mi, Bàbá."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ. Fi òwú yìí dí etí ẹ. Bí o bá débẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n rí àtàǹpàkò ẹ lákọ̀ọ́kọ́."

Bibiano sáré ṣíwájú, ó da omi rú. Lékeléke tẹ̀ lé e, ó ké bí ẹni tí ń kú lọ, kò gbéra. Ó padà. Ó tún lọ. Ó tún padà. Nígbà kejì yìí, Harbs pa ẹ̀rọ kan, ó na ara sókè lórí ìjókòó rẹ̀, ó sì ké sí èbúté:

"Ó wúwo! Oníwọ̀n, ṣé ó dá ẹ lójú?"

Inú bí Ataliba. Lójú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti bi í.

"Ó dá mi lójú!" ni ó fi dáhùn. "Bí mo bá ṣì í, kí ọwọ́ yìí rọ!"

Nígbà náà, ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní ìwọ̀n àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí i. Ó rí i nínú fèrèsé kékeré, òwú funfun yọ létí rẹ̀ méjèèjì. Harbs tan ẹ̀rọ kejì, ó yí ọkọ̀ padà, ó sì lọ nígbà kẹta.

Ohun kan ṣoṣo ni Ataliba fẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé Harbs ló pa Leocádia. Kò bèèrè fún ẹ̀wọ̀n, kò bèèrè fún ohun mìíràn. Ó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igbá tíì máté tó ti tutù níwájú rẹ̀, ó ń sọ gbólóhùn yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i. Kò sí ẹni tó ta kò ó. Atukọ̀ ló mú ọkọ̀ lọ, atukọ̀ ló sì bọ́ nínú rẹ̀ láàyè pẹ̀lú apá kan tó kán.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin, wọ́n ṣe ìwádìí nínú ilé ìkẹ́rù èbúté. Ọ̀gá ológun ojú omi kan ló jókòó nídìí tábìlì. Èrò kún inú ilé títí dé ẹnu ọ̀nà. Harbs dúró, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọrùn.

"Ọkọ̀ náà wúwo ju ohun tó wà nínú ìwé lọ," ni ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí mi ló mọ̀ ọ́n lórí ìjókòó."

"Ìdí yín kì í ṣe òṣùwọ̀n," ni ọ̀gá náà wí. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. "Bí ó bá wúwo, kí ló dé tí ẹ lọ lẹ́ẹ̀kẹta?"

Harbs tọ́ka sí Ataliba. "Mo bi oníwọ̀n. Ó ní ó dá òun lójú. Ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Mo rò pé, bí bàbá bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ta ni èmi?"

"Ẹ fi ẹ̀bi yín sórí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀," ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn. Ariwo sọ. Ọ̀gá náà lu tábìlì. Ó bi Teotônio, Teotônio gbé ìwé wá. Iye náà pé. Ó bi oníṣòwò ẹran méjì, wọ́n búra pé ọgbọ̀n ọdún ni àwọn fi mọ Ataliba. Ọ̀gá náà ki gègé bọ inú yíǹkì. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tí yóò kọ.

Ataliba dìde.

"Ọ̀gá, ẹ dúró. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan sọ lọ́la pé torí òkú tó wà nílé mi lẹ ṣe dá mi láre. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá. Kí n wọ̀n níṣojú atukọ̀ yìí."

Teotônio fà á láṣọ. "Seu Ataliba, ẹ jókòó. Ó ti parí. Wọ́n ti dá yín láre."

"Gbé e wá."

Wọ́n yí òṣùwọ̀n náà wọlé lórí táyà irin rẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bọ́ fìlà, ó tú idà kúrò nídìí, ó sì gorí rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti tu oníwọ̀n nínú. Ataliba ti irin. Irin dúró.

"Mọ́kàndínláàádọ́rin."

"Háà," ni ọ̀gá náà wí, "ẹ mú mi fúyẹ́ o. Dókítà wa wọ̀n mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, márùndínlọ́gọ́rin ló pè mí."

"Ṣé ẹ rí i?" Dona Hortênsia ké láti àárín èrò. "Mo ti ń wí i! Òṣùwọ̀n yẹn mọ ọ̀wọ̀!"

Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ló dún. Harbs ti dìde.

"Àpò kọfí wà níbẹ̀ yẹn," ni ó wí. "Èdìdì ìjọba wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára."

Ọkùnrin méjì gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n, wọ́n yí ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí kúrò lọ́dọ̀ Ataliba, sí ọ̀dọ̀ èrò. Ataliba ti irin. Ó fara balẹ̀. Ó dúró títí irin kò fi mì mọ́.

"Márùndínlọ́gọ́ta," ni ó ké, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara.

Teotônio yí òṣùwọ̀n ká, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ irin.

"Seu Ataliba," ni ó rọra wí, "ọgọ́ta ni irin dúró lé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò."

"Márùndínlọ́gọ́ta."

"Ẹ wò ó."

Ataliba wò ó. Lórí ọgọ́ta ni irin wà. Ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i; ó ti rí ọgọ́ta ṣáájú kí ó tó lanu. Ó la ẹnu láti tún un pè, márùndínlọ́gọ́ta ni ó tún fẹ́ jáde, ó sì pa ẹnu dé.

Bibiano ló wá síwájú, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti fi ọdún mẹ́sàn-án sá ẹran ní ilé ẹran oníyọ̀ kí ó tó di awakọ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Omi iyọ̀ ni," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti yọ omi iyọ̀."

"Omi iyọ̀ wo?" ni ọ̀gá náà bèèrè.

Bibiano ṣàlàyé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tú àṣírí ilé ara rẹ̀: ẹran tí kò tíì gbẹ, mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, oníwọ̀n tí kì í pe iye tí ojú rẹ̀ rí. "Kò mọ̀, Ọ̀gá. Ẹni tí wọ́n bá nà mọ́ ọn láti kékeré, kì í mọ̀ pé òun ń ṣe é. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé èrò kì í gbẹ."

Harbs fa ìwé Teotônio sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì ṣírò rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lé lórí ohun tí mo ní n ó gbé," ni ó wí. Ó fi gègé sílẹ̀. Kò wo Ataliba, kò sì wí pé, ṣé mo sọ ọ́. Kò sí ohun tí yóò fi ìdáláre náà ṣe.

Ìwọ̀n odidi ènìyàn kan nìyẹn. Ọdún méjì gbáko ni ènìyàn kan tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ ti ń bá wọn lọ nínú Lékeléke. Nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́, atẹ́gùn ló ń gbé e. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé e.

Ataliba ṣì dúró nídìí òṣùwọ̀n. Wọ́n rò pé ó ń ronú nípa èrò tó kú. Ohun tó ń wò ni irin náà, bó ṣe wà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí ọmọ rẹ̀ dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Ó rántí rẹ̀ dáadáa. Orí mẹ́rìnléláàádọ́ta ni irin dúró lé. Kílò méjìléláàádọ́ta ni àyè tó ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ pé fún ọmọ yẹn nìkan ṣoṣo, nínú gbogbo ohun tó ti wọ̀n láyé rẹ̀, ni ó pe iye tí ojú rẹ̀ rí, wọn ì bá ti sọ pé kò sí àyè. Leocádia ì bá ti bínú, ì bá ti sunkún nítorí iṣẹ́ tẹlifóònù, ì bá ti bá a padà sílé lọ se ẹ̀wà.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni ó sọ fún ọ̀gá náà.

"Kí ni kí n kọ, Seu Ataliba?"

"Ibi tí ẹ fẹ́ kọ pé Harbs ló pa ọmọ mi yẹn. Orúkọ mi ni kí ẹ kọ."

Ọ̀gá náà kọ ọ́. Wọn kò fi í sẹ́wọ̀n. Wọ́n ní kò sí òfin tó bá a mu. Harbs bá ọkọ̀ elééfín lọ ní ọjọ́ kejì, kò sì fò ní ọ̀sà yẹn mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà kò tún jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú kankan yà ní Pelotas. Wọ́n fa òkú Lékeléke gòkè sórí iyanrìn, àwọn alágbẹ̀dẹ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì fi rọ ìkòkò. Teotônio ríṣẹ́ sí ibòmíràn. Bibiano padà sídìí edé. Ataliba lọ ń kó iyọ̀ ní èbúté Rio Grande, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe, ó sì ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Ọwọ́ rẹ̀ kò rọ. Bí ẹnìkan bá bi í pé àpò mélòó ló kù, á na ìka sókè, kò ní pe iye kankan.

Ènìyàn mẹ́fà ló kú. Leocádia Fagundes jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́rìnléláàádọ́ta.